Ìsinmi sí erékùṣù láti Ìdó: ẹ ṣètò àbọ̀ kí ẹ tó ṣètò àlọ

Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, tàbí tí ọdún Iléyá, Àjíǹde tàbí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan wà tí àwọn olùgbọ́ wa ní Ìdó, Oyíngbò, Yábàá àti Múṣin máa ń bi wá: ibo la lè kó àwọn ọmọ lọ, ká rí òkun, ká jẹ ẹja, ká sinmi, láìjẹ́ pé a ta ilẹ̀ bàbá wa?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo àwòrán àwọn erékùṣù Karíbíà lórí fóònù, tí wọ́n á sì máa mí kanlẹ̀. Omi tó dà bí aró, igi àgbọn, ẹja lórí iná. Ó dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Ìdó, etí omi lòun náà ń gbé. Ìdó fúnra rẹ̀, erékùṣù ni kí wọ́n tó kó iyẹ̀pẹ̀ dí omi tó yí i ká. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ibẹ̀ ni Ọlọ́fin àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti Ìṣẹrí. Ní ọdún 1901 ni afárá Carter àkọ́kọ́ so Ìdó pọ̀ mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti orí afárá yẹn náà ni ọ̀nà erékùṣù ti ṣí sílẹ̀ fún wa dòní.

Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti ẹni tó fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta. Ibi mẹ́ta la mú: Tarkwa Bay, Ìlàṣẹ, àti erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì. Lẹ́yìn náà, a ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ́ pé Karíbíà gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ mú dání ju gbogbo ohun yòókù lọ. Erékùṣù kì í ṣe Ojúẹlẹ́gbà tí èèyàn ti lè dúró já bọ́ọ̀sì di aago mẹ́wàá alẹ́. Tí ọkọ̀ ojú omi bá ti tán, ó tán nìyẹn. Nítorí náà, àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò.

Èmi tí mò ń kọ èyí náà ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. A sanwó ọkọ̀ lọ sí etíkun kan, a rò pé àlọ àti àbọ̀ ni owó tí a san. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tó gbé wa wá ò yọjú. Òmíràn dé, ó ní ìlọ́po méjì owó ni, àti pé lááfù jákẹ́ẹ̀tì ò kárí. Àwọn ọmọ ń gbọ̀n, ilẹ̀ ń ṣú, agbára ò sì sí lọ́wọ́ wa láti na ọjà. A padà délé láyọ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbádùn ọjọ́ yẹn ló ti dà sómi. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí a ò bi awakọ̀ ní àárọ̀ ló fà á.

Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ?

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ojú ọjọ́ máa ń gbẹ jù ní Èkó, ìgbà yẹn ni omi sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ kàn rántí pé ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, kùrukùru ọyẹ́ lè bo ojú omi ní kùtùkùtù. Tí ẹ ò bá rí òdìkejì omi dáadáa, ẹ ní sùúrù kí oòrùn yọ ná.

Oṣù kẹfà àti oṣù keje ni òjò ńlá. Ẹẹ̀rùn kékeré inú oṣù kẹjọ lè tan èèyàn, nítorí pé òjò á dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ìgbì òkun ṣì máa ń le nígbà náà. Òjò tún máa ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Àwọn òbí ló máa ń bá ìgbà yìí pàdé jù, torí ìsinmi gígùn àwọn ọmọ iléèwé bọ́ sí i. Tí ó bá jẹ́ ìgbà náà nìkan lẹ ráyè, ẹ mú ibi tí omi rẹ̀ ti dákẹ́, kí ẹ sì tètè kúrò nílé.

Tí ẹ bá lè yẹra fún ọjọ́ ọdún gan-an, ẹ yẹra. Lọ́jọ́ Kérésì àti ọjọ́ kejì Iléyá, èrò máa ń pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọdún, òkun kan náà ni, iyanrìn kan náà ni, owó á sì dínkù.

Tarkwa Bay: ìrìnàjò ọjọ́ kan

Àwọn àgbà tó mọ Bar Beach yóò rántí pé bọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ló ń gbé èèyàn débẹ̀ láti Ìdó. Bar Beach kò sí mọ́ báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n kó iyanrìn dí tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic sí. Elégúṣì àti Oníru ṣì wà tí mọ́tò ń dé, ní Landmark ní tirẹ̀, títì etíkun tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe láti Èkó sí Calabar kàn án ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ erékùṣù, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, tó sì fẹ́ ibi tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ tọ omi, Tarkwa Bay ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹnu ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté Èkó ni Tarkwa Bay wà. Òkúta tí wọ́n tò wọ inú òkun nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹnu èbúté náà ló jẹ́ kí apá kan níbẹ̀ fara pamọ́ fún ìgbì. Ìdí nìyẹn tí omi apá tó kọjú sí èbúté fi máa ń dákẹ́ ju ti etíkun mìíràn ní Èkó lọ. Tí ẹ bá rìn kọjá sí apá tó kọjú sí agbami, ìtàn ibẹ̀ yàtọ̀. Ìgbì le níbẹ̀. Apá ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pákó gun ìgbì ti máa ń ṣeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà létí omi yẹn.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀: láti Ìdó, ẹ gba orí afárá Carter bọ́ sí CMS. Ọkọ̀ máa ń lọ láti etí omi níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wà ní Victoria Island lè wọ ọkọ̀ ní jẹ́tì Tarzan tàbí ti Mekwe. Kò sí títì mọ́tò tó dé Tarkwa Bay, omi nìkan ni ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Agége, Ìkejà tàbí Múṣin lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Oyíngbò, kó wá wọ bọ́ọ̀sì kọjá sí Èkó.

Ẹ mọ̀ pé Tarkwa Bay kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Àdúgbò èèyàn ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò nínú ilé wọn, ìgbé ayé àti òwò ibẹ̀ sì yí padà. Kí ẹ tó kó ọmọ jáde, ẹ pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ síbẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè ní jẹ́tì, bóyá etíkun ṣí, bóyá oúnjẹ wà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí àwọn onílé. Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, ẹ tọrọ àyè.

Ètò ọjọ́ kan tó rọrùn: ẹ kúrò nílé ní aago méje àárọ̀, kí ẹ wà ní jẹ́tì kí oòrùn tó mú. Ẹ ṣeré nínú omi ní àárọ̀ nígbà tí èrò kò tíì pọ̀. Ẹ jẹun ní ọ̀sán lábẹ́ ibòòji. Ní aago mẹ́ta, ẹ ti máa palẹ̀ mọ́. Ní aago mẹ́rin, kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, kó wò ó láti orí afárá Carter.

Ìlàṣẹ: fún ẹgbẹ́ àti ẹbí ńlá

Ìlàṣẹ wà ní ìwọ̀-oòrùn Tarkwa Bay, lórí ilẹ̀ tóóró tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà lápá kejì. Ohun tó mú kó yàtọ̀ ni pé ilé etíkun tí àwọn èèyàn ń yá lò fún ọjọ́ kan tàbí òpin ọ̀sẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni méjì kì í sábà lọ yá irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ kan, tàbí ẹbí tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ló máa ń da owó pọ̀.

Kí ẹ tó san owó ilé, ẹ béèrè ohun márùn-ún:

1. Ṣé owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú owó ilé, àbí ọ̀tọ̀ ni?
2. Aago mélòó ni ọkọ̀ yóò wá gbé wa padà, ta ni a ó sì pè tí kò bá dé?
3. Ṣé epo jẹnẹrétọ̀ wà nínú owó, wákàtí mélòó ni wọ́n sì ń tàn án?
4. Ṣé a lè dáná, àbí dandan ni kí a ra oúnjẹ wọn?
5. Èèyàn mélòó ni ilé gbà, kí ni a ó sì san tí a bá ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ má san gbogbo owó sí àkáǹtì ẹni tí ẹ rí lórí ẹ̀rọ ayélujára láìjẹ́ pé ẹni tí ẹ mọ̀ ti gbé ilé náà rí. Àwòrán ilé rírẹwà kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó fi í síta ló ni ilé. Lórí ọ̀rọ̀ òkun, ẹ̀yìn ilé Ìlàṣẹ agbami ni, kò sí òkúta tó dá ìgbì dúró. Ẹ wo òkun, ẹ gbádùn atẹ́gùn, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wọnú rẹ̀.

Gberefu ní Àgbádárìgì: ọjọ́ mẹ́ta

Nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Àgbádárìgì ló ní ọ̀rọ̀ nínú jù. Òkun wà, ọ̀sà wà, àgbọn wà, ìtàn sì wà tó kan Karíbíà gan-an tí a ń wò lórí fóònù.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: ọ̀nà àti ibùsùn. Láti Ìdó tàbí Oyíngbò, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mile 2, kí ẹ wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Marina lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dé Mile 2. Fún ọkọ̀ ojú irin méjèèjì, káàdì Cowry lẹ ó nílò. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ti wà lẹ́nu àtúnṣe láti 2009, ẹ má sì fọkàn sí i pé ẹ ó tètè dé. Ẹ ya odidi àárọ̀ sọ́tọ̀ fún un. Nítorí pé ọ̀nà náà ló lọ sí ẹnu ibodè Sèmè, ẹ̀ṣọ́ aláàbò pọ̀ lójú ọ̀nà, pàápàá ní àbọ̀. Kí olúkúlùkù mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Tí ẹ bá dé, ẹ gba yàrá, ẹ sinmi, ẹ lọ wo etí ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ yẹn, ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì: ìlú ní àárọ̀, erékùṣù ní ọ̀sán. Ẹ gba afinimọ̀nà kan, kí ẹ bá a sọ iye rẹ̀ tán kí ẹ tó gbéra. Àwọn ibi tí kò yẹ kí ẹ fò nìwọ̀nyí:

- Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn oníwàásù ìjọ CMS parí ní 1845. Wọ́n máa ń fi ibi tí Àjàyí Crowther gbé han àlejò. Crowther yìí fúnra rẹ̀, wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún tó tẹ̀ lé e.
- Ibi tí igi Agia wà, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí.
- Ilé ẹrú Sẹ́ríkí Williams Abass. Wọ́n ta ọkùnrin yìí lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó padà wá, ó wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀. Yàrá tóótòòtó tí wọ́n ń kó èèyàn sí ṣì wà fún àlejò láti wò.
- Ilé ìṣẹ̀m̀báyé ìdílé Mobee, níbi tí ẹ ó ti rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú. Ọmọdé lè bẹ̀rù. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé.
- Ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ lọ sí etí ọ̀sà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu. Ọ̀nà omi náà kò jìn. Ohun tó gùn ni ẹsẹ̀ rírìn lórí iyanrìn láti èbúté dé etí òkun. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ẹ mú omi dání. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè dúró de yín níbi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn afinimọ̀nà sọ pé wọ́n ń fún wọn lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní òpin rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àlọ-Àìdébọ̀ wà, tí òkun là sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àwọn tó gba ibẹ̀ lọ, àti àwọn tí wọ́n kó láti Èkó àti Whydah, ni àwọn ọmọ wọn wà ní Cuba, Trinidad, Jàmáíkà àti Brazil dòní. Ṣàngó àti Ọ̀ṣun tí wọ́n ń bọ ní Cuba àti Trinidad, inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ló bá lọ. Ní Trinidad, wọ́n ṣì ń din oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní accra. Ẹja oníyọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà mọ̀ pé àkàrà ni. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín níbi tí wọ́n dúró sí lórí iyanrìn yẹn.

Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Òkun Gberefu agbami gidi ni, kò fara pamọ́ rárá. Kí ẹ sì padà sí ìlú kí aago márùn-ún tó lù.

Ọjọ́ kẹta: ọjà àti ilé. Ẹ ra àgbọn ní àárọ̀, ẹ jẹun, kí ẹ wọ ọkọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tó bá kúrò ní Àgbádárìgì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò ti jẹ oúnjẹ alẹ́.

Kí ni a ó jẹ?

Ní Tarkwa Bay, ẹja yíyan, súyà, àgbọn tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló máa ń wà. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tó ń gbani lọ́wọ́ ìjà: ẹ yan ẹja, ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e kaná. Ẹja tó ti jiná kò ṣe é na mọ́.

Ní Àgbádárìgì, àwọn ará Ògù ló ni ìlú, omi sì ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ wọn ti ń wá: ẹja ọ̀sà, edé, alákàn. Àgbọn ni ẹ̀bùn ìlú náà. Ẹ ó rí i ní tútù, ní gbígbẹ, ní epo, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n fi ṣúgà dín. Tí ẹ bá ní ẹni tí alákàn tàbí edé kì í bá lára mu nínú ẹbí, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀, nítorí wọ́n lè ti lọ edé mọ́ ata.

Fún ọmọdé, ẹ gbé oúnjẹ ilé dání. Jọ́lọ́ọ̀fù inú kúlà, ẹyin sísè, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tó. Omi mímu tí ẹ gbé kò gbọdọ̀ dín sí ìgò ńlá kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Oyin etíkun ò ní kí oòrùn má gbẹ èèyàn.

Owó: ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá

A ò fẹ́ kọ iye owó síbí, nítorí owó epo ń yí, owó ọkọ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Èyí tí kò ní yí ni bí ẹ ṣe máa pín in. Iye yòówù tí ẹ bá ní, ẹ pín in sí mẹ́wàá:

- Mẹ́ta fún ọkọ̀ orí ilẹ̀ àti ti ojú omi, àlọ àti àbọ̀.
- Mẹ́ta fún oúnjẹ àti omi.
- Méjì fún ibùsùn tàbí owó ìwọlé.
- Ọ̀kan fún afinimọ̀nà àti ohun tí ẹ fẹ́ rà bọ̀.
- Ọ̀kan fún pàjáwìrì, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Owó àbọ̀, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní kéèṣì, kí ẹ fi sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì etí òkun kò ṣe é gbára lé, POS lè má ṣiṣẹ́, tíráńsífà lè há. Awakọ̀ ojú omi ò ní gba àlàyé.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi

Òfin àjọ LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ni pé gbogbo èrò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń jẹ́ kí èèyàn léfòó, ìyẹn lááfù jákẹ́ẹ̀tì, àti pé ọkọ̀ èrò kò gbọdọ̀ rìn lóru. Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú yín ni kí ẹ fi ṣọ́ ara yín:

- Wọ lááfù jákẹ́ẹ̀tì, kí o de gbogbo okùn rẹ̀. Èyí tí o kàn gbé kọ́ ọrùn kì í ṣiṣẹ́.
- Ọmọdé gbọ́dọ̀ wọ ti ọmọdé. Nínú ti àgbà, yíyọ́ ni ọmọ ń yọ́ jáde. Tí jẹ́tì ò bá ní ti ọmọdé, ẹ má wọ ọkọ̀ yẹn.
- Ẹ ka ìjókòó. Tí èèyàn bá ti ju ìjókòó lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má tijú.
- Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ará ilé yín sínú ìwé èrò ọkọ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.
- Ẹ béèrè lójú gbogbo èèyàn pé: "Ọ̀gá, owó àlọ nìkan ni àbí àlọ àti àbọ̀? Aago mélòó lẹ ó wá gbé wa?" Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ pè é níwájú rẹ̀ kó dún.
- Tí awakọ̀ bá ń mu ọtí, ẹ wá òmíràn.

Tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 767 tàbí 112. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yín báyìí.

Omi tó ń fa èèyàn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kú sínú òkun ní Èkó, ìgbì kọ́ ló pa wọ́n. Omi tó ń padà sẹ́yìn ni. Ìgbì á gbé omi wá sí etí, omi náà á wá ọ̀nà kan tóóró gbà padà sínú agbami. Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà yẹn, á gbá a lọ. Ibẹ̀ sì máa ń dákẹ́ lójú, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, èyí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ.

Tí ó bá fa yín, ẹ má bá a jà. Ẹni tó bá ń wẹ̀ bọ̀ tààrà sí etí, ó máa rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ dojú sókè, ẹ léfòó, ẹ gbọ́wọ́ sókè kí àwọn èèyàn rí yín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí omi yóò fi fi í sílẹ̀, kó tó yí sí etí. Tí ẹ bá wà lórí iyanrìn tí ẹ rí ẹni tí omi ń gbé lọ, ẹ má bẹ́ lé e. Ẹ ju kúlà, jẹ́ríkéènì tó ṣófo tàbí okùn sí i, kí ẹ pariwo. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó fẹ́ gbani là máa ń bá ẹni tó fẹ́ gbà lọ.

Òfin ilé kan fún àwọn òbí: àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa wo àwọn ọmọ lọ. Kì í tẹ fóònù, kì í mutí, kì í yan ẹja. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, kí ẹlòmíràn gbà á.

Tí ó bá jẹ́ Karíbíà gan-an lẹ fẹ́ lọ ńkọ́?

Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, bàálù Air Peace gbéra láti Èkó, ó sì balẹ̀ sí Montego Bay ní Jàmáíkà láìyà síbì kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ṣì máa ń gba orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ nìyí:

- Karíbíà kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan. Jàmáíkà, Barbados, Trinidad àti Tobago, olúkúlùkù ló ní òfin físà tirẹ̀. Martinique àti Guadeloupe, ti Faransé ni. Puerto Rico, ti Amẹ́ríkà ni. Iléeṣẹ́ aṣojú erékùṣù tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe aṣojú ìrìnàjò nìkan.
- Tí bàálù bá yà sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, físà ìkọjá ibẹ̀ lè pọn dandan. Ọ̀pọ̀ ló ti gba físà erékùṣù tán kó tó mọ̀ pé ọ̀nà ò là.
- Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti káàdì ofeefee rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò.
- Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle níbẹ̀. Owó yàrá tó bá dínkù ní oṣù kẹsàn-án, ìjì ló fà á.

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti jẹ́tì CMS: tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ọ̀nà àbọ̀, owó àbọ̀.

Ẹrù tí ẹ ó dì

Omi mímu, oúnjẹ ọmọdé, fìlà, ìpara tàbí òrí fún oòrùn, aṣọ ìpààrọ̀, bàtà tó rọrùn, aṣọ ìnura, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ìwé ìdánimọ̀, kéèṣì inú ọ̀rá, pawabáǹkì tó ti kún, àti ọ̀rá ńlá méjì fún ìdọ̀tí. Ohun tí ẹ gbé lọ, ẹ gbé e bọ̀. Ọ̀rá píọ́wọ́tà tí ẹ sọ sílẹ̀ ní Tarkwa Bay, omi lè gbé e bá yín dé abẹ́ afárá Ìdó.

Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ, orúkọ jẹ́tì, nọ́ńbà awakọ̀ àti aago tí ẹ ó padà dé sínú ìwé kan, kí ẹ fún ará ilé tàbí aládùúgbò kan. Ẹ sọ fún un pé: "Tí aago méje bá lù tí mi ò tíì pè ọ́, máa wá mi." Kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Tí ẹ bá padà dé, ẹ pè wá lórí ètò, kí ẹ sọ bí ẹja ṣe dùn tó.